Òjò Ìgbómìnà àti Ìwé Ètò Ìlọrin

Ní Gàràjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àyípadà ojú ọjọ́. Ohun tí àwọn èrò tó ń dúró kí ọkọ̀ Òmù-Àrán kún ń sọ ni pé òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn sáré gbìn, òjò sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn. Ìyá kan gbé àpò irúgbìn àgbàdo lé itan. Wọ́n ní èyí tí àwọn kọ́kọ́ gbìn ti jóná mọ́nú ilẹ̀, ìkejì rẹ̀ ni àwọn tún wá rà yìí, orí àwọn ni owó náà sì wà. Ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n dá sí i pé ní tòun o, ìjì ni. Ìjì tó ṣáájú òjò ọ̀hún ló ká páànù ilé bàbá òun, wọn ò sì tíì rí owó kàn án padà. Dírẹ́bà ní kí gbogbo wa wọlé, a sì gbéra.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ń bá lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìwé ètò tí ìjọba ń ṣe lórí bí ìlú ṣe máa fara da ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Òfin wà nínú rẹ̀, owó Báǹkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀, orúkọ Ìpínlẹ̀ Kwara sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ Òmù-Àrán àti ti Èsìé kí n wò ó bóyá ohun tí ìwé ń sọ àti ohun tí ilẹ̀ ń sọ bá ara wọn mu.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń sùn lórí rẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà sí Ìlọrin tí a fi kan ARMTI, iléẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìṣàkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ní Ìdòfìàn, a kan NCAM, ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀rọ iṣẹ́ oko. Iléeṣẹ́ méjì tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìyá tó gbé àgbàdo lé itan kò wo ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọ ibẹ̀ rí. Wọ́n ní, “Ṣé àgbẹ̀ bíi tèmi ni wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀, ọmọ mi?” N kò mọ ẹnì kankan tó lé wọn rí. Ṣùgbọ́n kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n rí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìyẹn náà sì tó nǹkan láti rò. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀nà tí ìmọ̀ náà máa gbà dé inú àpò irúgbìn ìyá yìí ni a kò tíì là.

Kí a má ṣe fi ẹ̀sùn tí kò tọ́ kan ìjọba, ẹ jẹ́ ká wo bí Kwara ṣe rí. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì gùn láti Bàrùtẹ́ẹ̀n tó fara kan orílẹ̀-èdè Benin títí dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó bá Èkìtì àti Kogí pààlà. Lápá òkè, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dààmú wọn. Létí odò Ọya, ní Edu àti Pàtígì, omi ni. Nígbà tí omíyalé ọdún 2022 gba Nàìjíríà kan, ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ó sì lé ní 1,400,000 tó sá kúrò nílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò ìgbéyàwó dànù ní agbègbè Pàtígì, èèyàn tó lé ní 100 bá a lọ. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ojú gómìnà máa ń lọ, ibẹ̀ ni owó ìrànwọ́ máa ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí.

Ìṣòro ilẹ̀ Ìgbómìnà ni pé ìyà tirẹ̀ kì í ní ọjọ́ kan. Kò sí òwúrọ̀ kan tí oníròyìn máa gbé kámẹ́rà wá sí Òmù-Àrán láti ya òjò tí kò rọ̀. Odò kékeré tó ń gbẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àkókò rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Ọmọdé tó ń rìn jìnnà sí i lọ pọn omi kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí àjálù bá. Ẹni tó bá ń ṣe ètò láti Ìlọrin, tó sì ń fi iye òkú àti iye ilé tó wó mọ ibi tí ìyà wà, kò ní rí Ìgbómìnà rárá.

Àjàṣẹ́-Ìpo la ti yà sí apá òsì, ọ̀nà tó bọ́ sí apá ọ̀tún a máa lọ sí Ọ̀ffà. Láti ibẹ̀ lọ ni èédú ti bẹ̀rẹ̀. Àpò lórí àpò, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n fi koríko àti okùn dì wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó máa kó wọn lọ sí Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀ nígbà tí táyà wa jò. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ti kàwé dé girama. Ó ní bàbá òun ń gbin iṣu, òun náà gbìn ín, ṣùgbọ́n ọdún méjì ni òjò ti já òun kulẹ̀, èédú kì í já èèyàn kulẹ̀. Mo bi í irú igi tó ń sun. Ó ní èyí tó bá ti le ni. Mo ní ṣé igi èmì náà wà nínú rẹ̀? Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó wà níbẹ̀.”

Ẹni tó bá mọ igi èmì á mọ ìdí tí mo fi bi í. Igi yìí ni a ti ń rí òrí. Kì í so kó tó pé nǹkan bí ọdún 15 sí 20, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin. Òun àti igi igbá, tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, ni àwọn baba wa kì í gé nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Wọ́n á ro ilẹ̀ yí i ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó dúró láàárín ebè. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má bàa wọ́ ọ lọ, ewé rẹ̀ ń jábọ́ di ajílẹ̀, ibòòji rẹ̀ ń gba ìdajì ooru ọ̀sán lọ́wọ́ ẹni tó ń ro. Lọ́dún tí àgbàdo bá kọ̀, òrí àti irú ló máa ń san owó iléèwé ọmọ, ọwọ́ obìnrin ni owó náà sì máa ń wà. Bí a bá ń wá ètò ìfaradà tó ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ ọ́ sínú ìwé, òun rèé. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń sun ún ta ní iye tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ebi ń pa á. N kò lè bínú sí i. Ẹni tí mo bínú sí ni ètò tó máa sọ fún un pé kó má gé igi, tí kò sì ní sọ ohun tí yóò jẹ lọ́la fún un.

A kọjá Òrò, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ wà, a sì wọ Òmù-Àrán lọ́sàn-án. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Òkè ló yí i ká, ìlú náà sì tò sórí ilẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ gíga bẹ́ẹ̀ jẹ́ ààbò lọ́wọ́ ogun. Nísinsìnyí, òun ló ń jẹ́ kí omi òjò máa sáré. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan, omi tó ti orí òkè àti orí òrùlé bọ̀ á fọ́n sí ojú títì, á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì kó iyanrìn lọ sí ìsàlẹ̀. Mo rí ilé kan tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, onílé ti kó àpò iyanrìn dí i. Gọ́tà wà níwájú ilé náà. Gọ́tà ọ̀hún kàn parí sí àárín ọ̀nà ni, kò sì sí ibi tí ó darí omi sí. Ìwọ̀n gígùn tí wọ́n san owó fún ni ẹni tó ṣe é ṣe. Ohun tí ètò ìfaradà ń béèrè níbẹ̀ kò ju pé kí a wo bí omi ṣe ń rìn láti òkè dé odò, kí a tó da sìmẹ́ǹtì kankan.

Ní ọjà, mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ta iṣu. Wọn kò fẹ́ kí n kọ orúkọ wọn, mo sì gbà fún wọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, ẹni tó bá mọ ojú ọdún kò nílò kàlẹ́ńdà. Bí ìrókò bá ti pa ewé dà, bí afẹ́fẹ́ bá ti kúrò lápá òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìsàlẹ̀, tí àwọn kòkòrò kan bá sì ti ń fò yí àtùpà ká lálẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Àkọ́rọ̀ á rọ̀, wọ́n á jẹ́ kó kọjá, wọn ò ní gbìn. Òjò tó bá tẹ̀ lé e, tó rọ̀ tí ilẹ̀ mu tó kún, ni wọ́n á fi gbìn. “Báyìí, àkọ́rọ̀ ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èwo nínú wọn ni kí n gbà gbọ́?”

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé ìyá náà kò mọ nǹkan. Ojú ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ wọn ni kò dúró mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá láti orí òkun ní ìhà gúúsù ń ṣe ségesège, ayé ń gbóná sí i nítorí èéfín tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń tú sójú sánmà láti bí igba ọdún. Òjò lè má dín kù púpọ̀ lápapọ̀, ṣùgbọ́n yóò wá pẹ̀lú ipá lọ́jọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìsinmi òjò tó máa ń wà ní oṣù kẹjọ lè gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì bá àgbàdo nígbà tó ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, ni láti sọ èyí ṣáájú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí láti agbègbè kan sí èkejì. NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, ń gbé tiwọn jáde nípa omíyalé. Iṣẹ́ ribiribi ni. Mo bi ìyá oníṣu bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ìkéde òkú, ìkéde ìgbéyàwó àti ìkéde òṣèlú lórí rédíò, àwọn kò tíì gbọ́ ìkéde òjò. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó. Àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n kà fún àwọn èèyàn ńlá nínú gbọ̀ngàn ní Àbújá, tí akéde ìlú kò sì kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Òmù-Àrán, kò tíì di àsọtẹ́lẹ̀ fún àgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjì náà yẹ kí n dúró lé díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń fà lọ, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ni ìjì máa ń ṣí òrùlé ní Kwara. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ohun tó yí padà ni ilé wa. Àwọn òrùlé àtijọ́ kò ga, ògiri amọ̀ wọn nípọn, agbo ilé sì sún mọ́ra débi pé ara ilé kan ló ń gba afẹ́fẹ́ fún èkejì. Lónìí, òrùlé ti ga sókè, páànù ti fẹ́lẹ́, ìṣó kúkúrú ni wọ́n fi ń kàn án nítorí owó, igi tó yẹ kó dúró lẹ́yìn ilé kó gba ìjì ti di èédú. Ní Òmù-Àrán, káfíńtà kan fi hàn mí bí wọ́n ṣe lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so igi òrùlé mọ́ ògiri. Ó ní owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè fún un nítorí kò hàn síta. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ara ìlú lọ́wọ́ ìjì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà. Ó ti tán. Ọjọ́ méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba òrùlé là ju àpò ìrẹsì tí wọ́n máa ń pín lẹ́yìn tí ìjì bá jà.

Kí ni ó wà nínú ìwé, nígbà náà? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àyípadà ojú ọjọ́ fún Nàìjíríà. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága fún, ó sì fi alága ẹgbẹ́ àwọn gómìnà àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2023, AbdulRahman AbdulRazaq, gómìnà Kwara, di alága ẹgbẹ́ àwọn gómìnà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 36, tiwa ni òfin fi gómìnà rẹ̀ jókòó sí tábìlì náà. Ó yẹ kí a rí i nílẹ̀.

Lẹ́yìn òfin náà ni ACReSAL, iṣẹ́ àkànṣe tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2021 pẹ̀lú 700 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpínlẹ̀ 19 lápá Àríwá àti Àbújá ló wà nínú rẹ̀, Kwara sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́ta ló gbé e dání: ti àyíká, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti omi. Èrò rẹ̀ ni kí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà padà sípò, kí àwọn àgbègbè sì ní agbára láti fara da ọ̀dá. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ní kí iléeṣẹ́ mẹ́ta jókòó pọ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ń gbin igi àti ẹni tó ń gbẹ́ kànga kì í sábàá mọ ara wọn. Síbẹ̀, ohun kan ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fọkàn sí nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò yẹn, ilẹ̀ tí aginjù ń bọ̀ wá bá. Ìgbómìnà wọ inú rẹ̀ nítorí pé ìlà tí wọ́n fà sórí àwòrán ilẹ̀ fi í sí Àríwá. Igbó àti ọ̀dàn pàdé níbí. Iṣu, kajú, òrí, ọ̀pẹ àti kòkó ń jọ gbé ní ibi kan. Bí wọ́n bá gbé irúgbìn igi tó yẹ Ṣókótó wá fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin níhìn-ín, tí wọ́n sì ka iye tí wọ́n gbìn, ìwé á kún, ilẹ̀ kò ní yí padà.

Orílẹ̀-èdè Níjẹ́, aládùúgbò wa lókè, ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan lórí èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ibẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ ń gbin igi, igi ń kú. Ní àwọn ọdún 1980, ní agbègbè Maradi, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó yàtọ̀. Wọn kò gbin nǹkan kan. Kùkùté tó wà nínú oko wọn, tí wọ́n ti ń gé tí wọ́n ń sun látọdúnmọ́dún, ni wọ́n jẹ́ kó hù. Wọ́n yan ẹ̀ka díẹ̀, wọ́n gé ìyókù, wọ́n sì dáàbò bò ó. Òfin àtijọ́ sọ pé ìjọba ló ni igi, èyí tó mú kí àgbẹ̀ máa fà á tu kó má bàa di wàhálà sí i lọ́rùn. Nígbà tí ìjọba dẹ ọwọ́ lórí èyí, tí àgbẹ̀ rí i pé tòun ni igi tó hù lóko òun, iṣẹ́ náà tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Ẹ fi wé mílíọ̀nù kan tí 700 mílíọ̀nù dọ́là ń lé. Níhìn-ín, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Gómìnà kan lè fi ọwọ́ yẹn kan náà kéde pé igi èmì àti igi igbá tí àgbẹ̀ bá tọ́jú nínú oko rẹ̀, tirẹ̀ ni, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gé e láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dáhùn níwájú ọba ìlú àti níwájú òfin. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Láti Òmù-Àrán mo padà sẹ́yìn sí Òrò, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èsìé. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn iléèwé ìjọ CMS wò, rí àwọn ère òkúta tí ará ìlú ti ń tọ́jú nínú igbó láti ayébáyé, ó sì jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní 1945 ni wọ́n dá mùsíọ́mù sílẹ̀. Àwọn ère náà lé ní 800: ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó lórí àpótí, òmíràn mú idà lọ́wọ́, òmíràn ń ta ohun èlò orin, ilà wà lójú wọn, irun àti fìlà wọn kò jọ ara wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni wọ́n, wọ́n di òkúta. Ohun tí mo kíyè sí ni irú òkúta náà. Ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè họ ọ́. Bí òjò bá ń fi agbára rọ̀, tí ooru sì ń tẹ̀ lé e, kò sí ohun tó máa dáàbò bo ojú àwọn ère yẹn àyàfi òrùlé tó dára àti igi tó yí ọgbà ká. Ẹni tó bá ń ṣe ètò ìfaradà fún Kwara tí kò bá kọ ère Èsìé sí i, ó ti gbàgbé ohun tí ìpínlẹ̀ náà ní tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé.

Ìdí mìíràn wà tí Èsìé fi yẹ ní ìrántí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ìjọba kankan tó mọ ibẹ̀, ará ìlú ló ń tọ́jú àwọn ère náà. Wọ́n ní ìdílé tó ń ṣe ìtọ́jú, wọ́n ní ọjọ́ ọdún, wọ́n ní èèwọ̀ tó dáàbò bo igbó. Bàbá kan tó bá mi rìn nínú ọgbà sọ pé láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gé igi nínú igbó ère, gbogbo ìlú ló ṣẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá igbó etí odò ìlú náà ní irú èèwọ̀ yẹn. Wọ́n ní ó ní i. Nísinsìnyí ńkọ́? Wọ́n mi orí, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti gbin kajú dé bèbè omi. Wọ́n ní odò náà kì í gbẹ rí títí òjò fi ń padà. Ní báyìí, kí ọyẹ́ tó lọ ni òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń hàn, kànga ẹ̀rọ tí ìlú gbẹ́ ni wọ́n gbójú lé, ìyẹn náà sì nílò epo.

Mo bi wọ́n ìdí tí ẹni yẹn kò fi lọ gbin kajú rẹ̀ sí oko iwájú. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. “Ta ló ń lọ sí oko iwájú mọ́?” Gbogbo ètò lórí ojú ọjọ́ tí mo ti kà, n kò rí èyí tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, agbébọn kọlu Òkè-Ọdẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ igbó. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrúkú, lójú ọ̀nà tó gba Òmù-Àrán lọ sí Kogí, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Àgbẹ̀ tó ti ní oko mẹ́ta, tó máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ kó sinmi, ti wá fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó sún mọ́lé. Ilẹ̀ tó yẹ kó sinmi kò sinmi mọ́. Etí odò tó yẹ kí a fi sílẹ̀ ti di oko. Ẹ̀rù ajínigbé àti àìrójò ń lé àgbẹ̀ sí ojú kan náà, ètò tó bá ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò lè ṣiṣẹ́. Bí ìjọba bá gba àwọn ọmọ ìlú síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó, kí ó fi ìtọ́jú igi àti pípa iná igbó kún iṣẹ́ wọn, kí ó sì máa san owó wọn lásìkò. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ ìgbà tí àjèjì wọ igbó, àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ rí i nígbà tí odò bá gbẹ.

Ìlú Ìgbómìnà kò dàbí ẹni tí kò ní ẹnu. Lọ́pọ̀ ìlú níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ló dá owó kọ́ iléèwé girama, ilé ìwòsàn, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti gbọ̀ngàn ìlú kí ìjọba tó dé. Títí di òní, ọmọ Èsìé tó wà ní Kánò tàbí Lọ́ńdọ́nù mọ iye tí wọ́n bù lé òun fún iṣẹ́ ìlú, ó sì ń san án. Níbẹ̀ ni mo rò pé gbòǹgbò ìfaradà wà. Ohun tí ìwé ètò tí wọ́n ń kọ ní Ìlọrin nílò ni kí ó gbà pé ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ ẹgbẹ́ ètò, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń pè wá pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rí sílẹ̀: odò tó ń gbẹ, ibi tí àgbàrá ń gbà, òrùlé tó ń lọ, igi tó kù. Kí owó tẹ̀ lé ìwé yẹn. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Gọ́tà tó bá omi dé odò, igi létí omi, ìkéde òjò lọ́jọ́ ọjà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ju agbára Irẹ́pọ̀dùn, Ifẹ́lódùn tàbí Ìsin lọ bí owó náà bá dé ọwọ́ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a ṣe sùúrù, pé ìyà Ìgbómìnà kò tíì le. Kí onítọ̀hún béèrè lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, gbogbo wa sọ pé a ti gbọ́n. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún kó èèyàn tó lé ní 100 lọ. Ní 2014 ni 200 mílíọ̀nù dọ́là Báǹkì Àgbáyé tó dé láti tún odò àti afárá ṣe. Ọdún 34 ló wà láàárín ìkìlọ̀ ọdún 1980 àti owó. Ìkìlọ̀ ti Ìgbómìnà wà lẹ́nu ìyá oníṣu nísinsìnyí, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò ní Ìlọrin, ẹ gbé tábìlì yín wá sí Òmù-Àrán kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà nílé lóko, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín. Ẹ pe ìpàdé ìlú, ẹ pe àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí àti irú sí iwájú, kì í ṣe sí ẹ̀yìn, ẹ kọ ohun tí ìlú yín nílò sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àti gómìnà kí àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀.